Ìyàwó yẹ́lò, ọkọ rí bí eérú: Kelvin mélòó ló yẹ aláwọ̀ dúdú?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya ìgbéyàwó kan n'Íbàdàn, ìyàwó pupa, ọkọ dúdú dáadáa. Fọ́tò inú họ́ọ̀lù ló kó mi sí wàhálà, ojú ìyàwó yẹ́lò, ti ọkọ rí bí eérú, ó tún ń ṣe pọ́pù pọ́pù lápá kan. Canon ni mo lò, RAW ni mo fi yà á (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe), white balance (ètò tó ń mú kí funfun jẹ́ funfun lábẹ́ irú iná tó bá wà) wà lórí Auto, fláàṣì wà lórí kámẹ́rà. Tí mo bá fa Temp, slider yẹ́lò àti búlúù, nínú Lightroom tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, tí ọkọ bọ̀ sípò, ìyàwó á bàjẹ́, tí mo bá tún ti ìyàwó ṣe, ọkọ á bàjẹ́. Ìyá ìyàwó ń pè mí lójoojúmọ́ torí álíbọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, Kelvin mélòó ni kí n máa lò fún aláwọ̀ dúdú, mélòó fún aláwọ̀ pupa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú iṣẹ́, o sì kú àmúmọ́ra ìyá ìyàwó. Mo ti wo fọ́tò méjèèjì tó o fi ránṣẹ́. Jẹ́ n kọ́kọ́ mú èyí tó o béèrè kẹ́yìn, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: kò sí Kelvin aláwọ̀ dúdú, kò sì sí ti aláwọ̀ pupa. Iná ló ni Kelvin, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn bí àwọ̀ iná ṣe jẹ́ ọ́réǹjì tàbí búlúù tó ni. Tí ọkọ àti ìyàwó bá dúró sábẹ́ iná kan náà, nọ́ńbà kan náà ló máa bá àwọn méjèèjì mu, ì báà jẹ́ òyìnbó lọ̀kan nínú wọn. Tó o bá wá rí i pé nọ́ńbà tó gba ọkọ là ló ń ba ìyàwó jẹ́, nǹkan méjì ló máa ń fà á, yálà iná tó ń bà wọ́n ò jọra, àbí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lára ẹnì kan tó sì kéré jù lára ẹnì kejì. Nínú fọ́tò tìẹ, méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ pọ̀.

Wo bí mo ṣe mọ̀. Mo gbé fọ́tò náà sínú Lightroom, mo gbé mouse lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó láìtẹ nǹkan kan, mo wá ka nọ́ńbà R, G, B (pupa, gíríìnì, búlúù, nínú ọgọ́rùn-ún) tó máa ń jáde lábẹ́ histogram, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín hàn. R wà ní 99, G wà ní 91, B wà ní 62. Awọ ara èèyàn, dúdú ni o, pupa ni o, R ló yẹ kó ga jù, G á tẹ̀lé e, B á wà nísàlẹ̀, ìyẹn tọ̀nà lára ìyàwó rẹ. Àmọ́ R ti kan òrùlé, kò ríbi gbà lọ mọ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tún ń pọ̀ sí i, G nìkan ló ń gòkè títí tó fi fẹ́ẹ̀ bá a dọ́gba, pupa àti gíríìnì tó bá sì dọ́gba nínú ìmọ́lẹ̀, yẹ́lò ni wọ́n máa jọ bí. Ṣé o rí i báyìí? Yẹ́lò ojú ìyàwó yẹn, kì í ṣe white balance ló dá a sílẹ̀, fláàṣì ló pọ̀ jù lójú ẹ̀, tó o bá fa Temp títí di alẹ́ kò ní lọ, ó kàn máa sọ gáùn di búlúù ni.

Mo tún gbé mouse lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ: R 17, G 16, B 19. B ló ga jù! Níbi tí B bá ti ga ju R lọ lójú èèyàn, àwọ̀ eérú ló máa jáde, tó o bá wá fi Exposure gbé e sókè kó lè hàn, pọ́pù á yọ jáde pẹ̀lú gbogbo hóró hóró tó wà nínú òkùnkùn yẹn. Ọkọ dúró sẹ́yìn ìyàwó díẹ̀, fláàṣì ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ dáadáa, iná búlúù tí àwọn DJ gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ń lù ú láti ẹ̀gbẹ́. Ó tún wọ agbádá funfun, ìyàwó wọ gáùn funfun, kámẹ́rà rí funfun rẹpẹtẹ, ó ní ibí yìí ti mọ́lẹ̀ jù, ó dín ìmọ́lẹ̀ họ́ọ̀lù kù. Ojú dúdú tó wà láàárín funfun yẹn ló jìyà ẹ̀.

Kámẹ́rà ò ní ẹ̀tanú sí ẹ o, àmọ́ ìtàn iṣẹ́ yìí náà kì í ṣe kékeré. Láti bí àwọn ọdún 1950 ni Kodak ti ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn lab tó ń fọ fọ́tò, obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló wà lórí ẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà torí Shirley lorúkọ obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ojú Shirley sì ni lab fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ ti pé. Tí ti Shirley bá ti dáa, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ẹni tó dúdú nínú fọ́tò, eyín àti ẹyinjú nìkan lo máa rí. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í tún fíìmù náà ṣe, lára àwọn tí igbe wọn dé etí Kodak ni àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, wọ́n ní ọjà àwọn ò hàn dáadáa nínú fọ́tò! Ó di 2021 kí Google tó gbé Real Tone jáde pẹ̀lú Pixel 6, kí fóònù lè máa ya aláwọ̀ dúdú bó ṣe rí. Sensor inú kámẹ́rà rẹ ò ní ìṣòro yẹn mọ́, ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló máa gbà. Auto ló ṣì ń méfò.

Bí Auto ṣe ń méfò nìyí. Ó máa wo gbogbo àwòrán, á gbà pé tí wọ́n bá po gbogbo àwọ̀ inú ẹ̀ pọ̀, ó yẹ kó já sí grey. Tó bá rí i pé ọ́réǹjì pọ̀, á ní iná ibẹ̀ ló pọ́n, á da búlúù sí i. Wá sún mọ́ ojú ọkùnrin dúdú kan tó wọ aṣọ òkè aláwọ̀ àlùbọ́sà, kí ojú àti aṣọ ẹ̀ kún fọ́tò, kò sí iná tó pọ́n níbì kankan, awọ ara ẹ̀ àti aṣọ ẹ̀ ló gbé àwọ̀ yẹn wá, àmọ́ Auto ò mọ̀, ó máa da búlúù síwájú ọmọ ọlọ́mọ. Yí lẹ́ǹsì síbi ògiri gíríìnì, á da pínkì sí i. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò tó o yà lójú kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan fi ń ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kámẹ́rà tuntun gbọ́n ju báyìí lọ, Canon ní Auto tó ń gbìyànjú kí funfun jẹ́ funfun àti Auto tó ń fi ìpọ́n iná sílẹ̀ bó ṣe wà, Nikon náà pín tiẹ̀ sí Auto 0, 1 àti 2, wọ́n wúlò tó o bá ń sáré, ṣùgbọ́n tí kò bá ti sí ohun tí kámẹ́rà lè fi mọ funfun, ìméfò náà ṣì ni.

Kelvin fúnra ẹ̀ ò le. Àbẹ́là wà ní bíi 1900, gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná wà láàárín 2700 sí 3200, oòrùn ọ̀sán àti fláàṣì wà láàárín 5200 sí 5600, ọjọ́ tó bá ṣú dùdù 6000 sí 6500, ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn ò dé tó jẹ́ pé ojú ọ̀run nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, ó lè tó 7000 tàbí 8000. Nọ́ńbà kékeré, iná ọ́réǹjì, nọ́ńbà ńlá, iná búlúù. Ibi tó ti máa ń lọ́ èèyàn lójú ni pé tó o bá gbé nọ́ńbà sókè lórí kámẹ́rà, fọ́tò á pọ́n sí i, kò ní di búlúù. Ohun tó o ń sọ fún kámẹ́rà ni pé iná tó wà níbí ti búlúù tó báyìí, gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà á wá da ọ́réǹjì sí i láti bá a jà. Má sì gbàgbé Tint, ti gíríìnì àti pínkì, torí iná fúróséǹtì àti LED olówó pọ́ọ́kú máa ń ní gíríìnì nínú tí Temp ò lè mú kúrò láé. Ojú aláwọ̀ dúdú tí gíríìnì bá bà máa ń dà bíi ti ẹni tí àìsàn ń ṣe, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe fọ́tò náà, wọn ò kàn ní mọ ohun tó jẹ́.

Ó dáa, kí la máa wá ṣe? Iná la máa kọ́kọ́ tún ṣe, kí ọwọ́ tó kan kámẹ́rà. Tí mo bá ní kí n fún ẹ ní ìmọ̀ràn ẹyọ kan péré, òun nìyẹn: rí i pé irú iná kan ló ń bá ojú èèyàn. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí ìyàwó ti ń múra ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Gílóòbù yẹ́lò wà lókè, ìyáàfin mékọ́ọ̀pù náà wà níwájú pẹ̀lú ring light tiẹ̀, fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú kan ọ́réǹjì, ẹ̀gbẹ́ kejì búlúù. Pa gílóòbù yẹn, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa ring light náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí mékọ́ọ̀pù bá ti parí, fa kọ́tìnnì sẹ́yìn pátápátá (kọ́tìnnì góòlù tí oòrùn ń gba inú ẹ̀ kọjá, góòlù ló máa kùn sójú ìyàwó), jẹ́ kó kọjú sí fèrèsé, parí. Iṣẹ́ tí gbogbo slider Lightroom ò lè ṣe, switch ara ògiri ti bá ẹ ṣe é.

Tó bá jẹ́ ìta ni, wo òkè, kó o tún wo ilẹ̀. Abẹ́ kánópì, àwọ̀ kánópì ló ń bọ̀ wá sórí gbogbo àlejò, kánópì búlúù lọ́sàn-án gangan, búlúù ni gbogbo ìdílé máa jẹ́, o ò sì lè bínú sí Auto nítorí ẹ̀. Kó wọn síbi etí kánópì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń bà wọ́n níwájú, kí wọ́n kọjú síta. Tó bá jẹ́ orí koríko ni wọ́n dúró sí tí oòrùn ń ta, gíríìnì á máa ti ilẹ̀ bọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. Àti gèlè! Gèlè pínkì tó ń tàn yẹn máa ń da pínkì síwájú orí àti ìpéǹpéjú, aṣọ ẹbí ẹni tó sún mọ́ ọ náà máa ń kùn ẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Àwọn yìí ò burú, ayẹyẹ náà nìyẹn, kàn má lọ tẹ eyedropper (irinṣẹ́ Lightroom tó máa gbà pé ibi tó o bá tẹ̀ kò ní àwọ̀) níbẹ̀ ni.

Inú họ́ọ̀lù lọ̀rọ̀ wà jù. Tètè dé, kó o lọ bá ẹni tó ń mójú tó iná, sọ fún un pé nígbà tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ìdílé lórí àga, kó bá ẹ pa iná búlúù àti pọ́pù yẹn fún ìgbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á ṣe é tó o bá fi ohùn tútù bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Iná LED tó jẹ́ búlúù gidi yẹn, kò sí pupa kankan nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ pupa ni awọ ara wa fi ń hàn, ohun tí kò bá wọ kámẹ́rà, kò sí white balance tó lè dá a padà. Fọ́tò tí òun nìkan bá bà, black and white ló kù fún un, àbí kó o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa jẹ́ fọ́tò ijó.

Tí wọn ò bá gbà láti pa iná, fi fláàṣì borí ẹ̀. Gbé kámẹ́rà sí M, shutter 1/200, f/4, ISO bíi 400, pa fláàṣì, ya ẹyọ kan. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú pátápátá. Tí ojú èèyàn bá ṣì ń hàn nínú ẹ̀, iná họ́ọ̀lù ṣì ń dá sí ọ̀rọ̀ rẹ, dín ISO kù. Nígbà tó bá ti dúdú, tan fláàṣì, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú wọn ti di ti fláàṣì nìyẹn, white balance wà ní 5500, ọkàn rẹ balẹ̀. Tó o bá ń darí fláàṣì sókè, wo ohun tó wà lókè náà: POP funfun dáa, àmọ́ tí àwọn adẹ́kọ́réṣọ̀n bá ti fi aṣọ pínkì bo gbogbo òrùlé, pínkì ló máa já bọ́ sórí ìyàwó, kó o kúkú fi softbox kékeré sí i kó o darí ẹ̀ sí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí iná yẹ́lò họ́ọ̀lù hàn lẹ́yìn torí ó máa ń dùn ún wò, kó lẹ gel CTO (ike ọ́réǹjì) mọ́ fláàṣì, half CTO máa ń mú fláàṣì wá sí bíi 3800, full CTO á mú un wá sí nǹkan bíi 2900 sí 3200, á sì gbé kámẹ́rà síbẹ̀ kí fláàṣì àti họ́ọ̀lù lè máa sọ èdè kan náà.

Fún àwọn tó ń lo LED tó ń tàn láìdẹ́kun, wo ara páálí ẹ̀ kó o tó rà á. CRI (òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí) tó lé ní 95 ló dáa fún ojú èèyàn, tí wọ́n bá kọ R9 sí i, wò ó dáadáa, torí R9 ló ń sọ bó ṣe mú pupa kíki tó, pupa yẹn ló sì ń jẹ́ kí awọ dúdú ní ẹ̀mí. Iná olówó pọ́ọ́kú máa ń kọ CRI ńlá gàdàgbà, kó wá dákẹ́ lórí R9. Tí àwọ̀ bá ń yí padà láti fọ́tò kan sí èkejì lábẹ́ iná NEPA láì jẹ́ pé o fọwọ́ kan nǹkan kan, iná wa ń ṣẹ́jú ni, 50Hz ló ń lò, gbé shutter sí 1/100 tàbí 1/50, ó máa fara balẹ̀.

Grey card, káàdì aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná, wá ńkọ́? Ra a, owó ẹ̀ ò tó owó bátìrì kámẹ́rà kan. Nígbà tí iná bá ti dúró, fún ọkọ ní káàdì yẹn kó mú un sábẹ́ àgbọ̀n, kó kọjú ẹ̀ síbi tí iná gan-an ti ń bọ̀, kó má gbé e dùbúlẹ̀ torí òrùlé ló máa kà nígbà yẹn. Lórí Canon, ya káàdì náà kó kún àárín, wọ menu, wá Custom White Balance, yan fọ́tò káàdì yẹn, tẹ SET, lẹ́yìn náà kó o padà síbi tí wọ́n ti ń yan white balance kó o yan àmì Custom. Ibi tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fò ó, wọ́n á ṣe gbogbo ẹ̀ tán, kámẹ́rà á ṣì wà lórí Auto títí ayẹyẹ á fi parí. Àwọn oníNikon á yan PRE, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì WB mọ́lẹ̀ títí PRE á fi máa ṣẹ́jú, wọ́n á ya káàdì, tó bá kọ Gd ó ti wọlé, tó bá kọ no Gd, kí wọ́n tún un yà. Fláàṣì tó o máa lò fún iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tàn nígbà tó o bá ń ya káàdì o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná mìíràn lo wọ̀n. Ìwọ tó ń lo RAW tiẹ̀ lè má ṣe ìyẹn, ya káàdì lẹ́ẹ̀kan níbi kọ̀ọ̀kan, tó o bá délé, tẹ W, fi eyedropper tẹ káàdì, kó o Sync gbogbo èyí tó o yà níbẹ̀. Tí iná bá ti yí padà, tún káàdì yà.

Má fi aṣọ funfun rọ́pò káàdì. Mo tiẹ̀ fura pé ohun tó o ṣe nìyẹn, torí gáùn ìyàwó nínú fọ́tò rẹ mọ́ kedere bí ojú tirẹ̀ ṣe yẹ́lò yẹn. Ọṣẹ ìfọṣọ ayé òde òní ní kẹ́míkà kan nínú tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ UV, á sì tú u jáde ní búlúù kí aṣọ lè dà bíi pé ó funfun gan-an, bébà A4 náà ní in, ká má tiẹ̀ sọ ti agbádá bàbá tí wọ́n fi búlúù gidi sàn. Tó o bá tẹ eyedropper lórí irú ẹ̀, Lightroom á rí búlúù, á ní ó yá, á da yẹ́lò sórí gbogbo èèyàn. Ojú ìyàwó tó ti fẹ́ yẹ́lò látàrí fláàṣì wá gba yẹ́lò kejì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìmọ́lẹ̀ lójú ẹni dúdú, torí ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àwọ̀ tí kò dáa, ìdajì ẹ̀ ibẹ̀ ló wà. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ sọ ohun gbogbo di grey tó wà láàárín. Fún un ní ojú adúmáadán nìkan kó kún fọ́tò, á ní ibí ṣókùnkùn jù, á tan ìmọ́lẹ̀ sí i títí adúmáadán á fi di ràkọ̀ràkọ̀. Fi agbádá funfun yí i ká, á ṣe òdìkejì ẹ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kí kámẹ́rà dá a ṣe. Fi spot meter (èyí tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ibi kékeré kan) wo grey card yẹn kan náà, ohun tó bá sọ ni kó o lò fún ọkọ àti ìyàwó, á jẹ́ kí dúdú jẹ́ dúdú, kí pupa jẹ́ pupa. Tí funfun gáùn ò bá tíì jóná, o lè fi díẹ̀ lé e fún ọkọ, torí òkùnkùn tí wọ́n bá gbé sókè lẹ́yìn iṣẹ́ ló ń mú pọ́pù àti hóró wá. Jẹ́ kí histogram fi R, G, B hàn ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti R ni kó o máa ṣọ́ lára ẹni pupa, òun ló máa kọ́kọ́ kan ògiri.

Awọ tó dúdú tún máa ń dán, dídán yẹn la sì fi ń rí i pé ojú náà yípo, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, pé imú dúró. Fláàṣì kékeré láti iwájú á fi kóńkó funfun kan síwájú orí, á fi ìyókù sílẹ̀ pẹlẹbẹ. Iná tó tóbi láti ẹ̀gbẹ́, ì báà ṣe fèrèsé, ì báà ṣe softbox tàbí umbrella, á nà gbọọrọ lójú ẹ̀. Ohun tó bá wà níwájú ẹ̀ ló máa hàn nínú dídán náà, tó bá jẹ́ ojú ọ̀run búlúù nìkan ló kọjú sí, á ní búlúù níwájú orí, gbé reflector funfun sí i. Tí dúdú àti pupa bá jọ dúró, jẹ́ kí dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí iná wà, kó o yí ojú iná sí ọ̀dọ̀ ẹ̀ díẹ̀, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù máa ba ẹni pupa. Ìyàtọ̀ tó o bá rí nínú fọ́tò nígbà yẹn, ìyàtọ̀ tí Ọlọ́run dá ni, kò sí ìdí tó o fi fẹ́ kí wọ́n dọ́gba. Àwọn kọ́sítọ́mà kan á sọ pé kó o jẹ́ káwọn pupa díẹ̀. Owó wọn ni, àmọ́ èmi kì í ṣe é, torí ìdílé tó máa wo álíbọ́ọ̀mù yẹn mọ àwọ̀ ọmọ wọn.

Mékọ́ọ̀pù ńkọ́? Ojú ìyàwó kì í ṣe ibi tó o ti máa wọn àwọ̀ ìyàwó. Páńkéèkì lè fi ìpele méjì mọ́ ju ọrùn lọ, tí titanium dioxide bá wà nínú pọ́dà tàbí ìpara oòrùn tó fi sí i, fláàṣì á sọ ojú di funfun báláú. Wo ọrùn, àyà àti apá, ibẹ̀ ni òótọ́ wà. Má lo ìka ọwọ́ náà, oríkèé ìka máa ń dúdú ju ibòmíràn lọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, èyí tó bá sì ń bóra, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o, lọ́tọ̀ ni ìka tiẹ̀.

Tí iná àti káàdì bá ti wà, ẹ́díìtì ò ní pẹ́. Àwọn tó ṣe ColorChecker, páálí tí wọ́n fi ń yẹ àwọ̀ wò, lọ́dún 1976 fi awọ dúdú àti awọ pupa ṣe àmì méjì àkọ́kọ́ nínú mẹ́rìnlélógún tó wà lórí ẹ̀, ti dúdú wà ní bíi R 115, G 82, B 68, ti pupa wà ní bíi 194, 150, 130 nínú sRGB (255 ni ibi tó ga jù níbí, kì í ṣe 100 bíi ti Lightroom). Má gbìyànjú kí kọ́sítọ́mà rẹ bá nọ́ńbà yẹn dọ́gba, ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ léra wọn ni kó o wò. Tí G àti B bá ti fẹ́ dọ́gba tí R ò sì ga jù wọ́n lọ dáadáa, eérú ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí máa ń sáré lọ fa Orange nínú HSL (ibi tí wọ́n ti ń yí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀) wálẹ̀ torí ojú yẹ́lò, wọ́n á fa Saturation ẹ̀ títí èèyàn á fi dà bí ère sìmẹ́ǹtì. Orange ni awọ ara wa, tó o bá pa á, kí ló kù?

Síkíríìnì rẹ ńkọ́? Tí láptọ́ọ̀pù bá wà lórí Night light tó ń sọ ojú ẹ̀ di yẹ́lò lálẹ́, gbogbo fọ́tò tó o bá tún ṣe lálẹ́ ló máa búlúù láàárọ̀. Pa á. Tí owó bá dé, ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún síkíríìnì wọ̀n, gbé e sí D65 (òṣùwọ̀n funfun síkíríìnì), gamma 2.2, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ má ju 120 cd/m² lọ, torí síkíríìnì tó mọ́lẹ̀ jù ló ń jẹ́ kí álíbọ́ọ̀mù ṣókùnkùn. sRGB ni kó o fi gbé fọ́tò jáde, Adobe RGB tó bá wọ WhatsApp lórí fóònù àwọn ẹlòmíì, ńṣe ló máa ń ṣá.

Àwọn tó wà nílẹ̀ báyìí nìyí, wọn ò tíì bàjẹ́ tán torí RAW ni. Wá ohun tí kò ní àwọ̀ nínú fọ́tò họ́ọ̀lù, mo rí ọ̀pá máìkì nínú ọ̀kan, iwájú ibi tí fláàṣì dé ló wà, tẹ eyedropper síbẹ̀ dípò gáùn. Fa Highlights wálẹ̀, kó o wá dín Exposure kù fún ojú ìyàwó nìkan, Lightroom tuntun ní mask tó lè yan awọ ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wò ó títí R á fi kúrò lókè, o máa rí i pé yẹ́lò náà á bá a lọ. Ṣe mask kejì fún ojú àti ọwọ́ ọkọ, gbé Exposure ẹ̀ sókè díẹ̀, má jẹ́ kó pọ̀, fa Temp inú mask yẹn sí apá yẹ́lò títí B á fi wálẹ̀ sábẹ́ G, tí pọ́pù bá ṣẹ́ kù, fa Tint díẹ̀ sí gíríìnì, lo Denoise. Apá ojú tí iná búlúù nìkan bà, brush ni kó o fi mú un, tí kò bá gbà, yan fọ́tò mìíràn tàbí kó o ṣe é ní black and white, ìyá ìyàwó á fẹ́ràn ẹ̀ ju bó o ṣe rò lọ.

Má tíì fi gbogbo álíbọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Yan fọ́tò kan tí àwọn méjèèjì jọ wà, ní kí lab tẹ ẹyọ kan fún ẹ ní 5x7, gbé e jáde síta lọ́sàn-án, kó o wo ọrùn ìyàwó àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ. Tó bá ṣókùnkùn ju ti síkíríìnì lọ, gbé gbogbo ẹ̀ sókè díẹ̀ kó o tún ẹyọ kan tẹ̀. Tí lab yẹn bá ní àwọn ò lè tẹ ẹyọ kan, wá lab mìíràn.